Bí ẹ ṣe lè wo séálì àti àbùùbùtán lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní etíkun California nígbà òtútù

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tó ń gbé ní Amẹ́ríkà kì í fẹ́ jáde mọ́. A ó ti ibi iṣẹ́ bọ̀, a ó tan ẹ̀rọ amúlégbóná, ó di ìgbà ìrúwé kí á tó tún rántí pé òkun wà nítòsí. Ìgbà tí a sá fún etíkun yìí gan-an sì ni àwọn ẹ̀dá ńláńlá máa ń wá síbẹ̀. Láti ìparí oṣù Kejìlá títí dé oṣù Kẹta, séálì erin a gòkè wá sórí yanrìn California wá bímọ, àbùùbùtán aláwọ̀ eérú a sì máa gba iwájú etíkun kan náà kọjá, lọ́nà tó sún mọ́ ilẹ̀ débi pé ẹni tó dúró sórí àpáta lè rí i láìwọ ọkọ̀ ojú omi.

Ọdún mélòó kan rèé tí èmi àti ẹbí mi ti ń lọ. Ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Kejìlá la lọ, a kò gba àyè sílẹ̀, a kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. A wakọ̀ lọ, a wakọ̀ bọ̀, a kò rí nǹkan kan, ọmọ mi obìnrin sì sunkún títí tó fi sùn nínú ọkọ̀. Nítorí ọjọ́ náà ni mo ṣe ń kọ èyí. Bí ẹ bá tẹ̀ lé e bí mo ṣe tò ó, ẹ ó rí méjèèjì kí oòrùn ọjọ́ kan ṣoṣo tó wọ̀.

Àwọn tí à ń lọ wò

Séálì erin kì í ṣe ẹja. Ẹranko tó ń fọ́mọ lọ́mú ni, inú òkun ló sì ń lo oṣù mẹ́jọ sí mẹ́wàá nínú ọdún. Akọ rẹ̀ ló mú kí wọ́n máa pè é ní erin: bó bá ti ń dàgbà, imú rẹ̀ a máa gùn wálẹ̀ bí ọwọ́jà kékeré, a sì bo ẹnu rẹ̀. Ó lè gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 14 sí 16, ó sì lè wúwo tó 5,000 pọ́n-ùn. Ẹ ro ọkọ̀ Camry kan àti ààbọ̀. Abo rẹ̀ kéré sí i gidigidi, kì í sábà ju 1,800 pọ́n-ùn lọ. Wọ́n a máa wọ inú ibú ju 1,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ láti wá oúnjẹ, a sì ti rí èyí tó kọjá 5,000.

Díẹ̀ ló kù kí wọ́n pa ẹ̀yà yìí run. Ọ̀rá ara rẹ̀ ni wọ́n ń yọ epo fìtílà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, wọ́n pa á, wọ́n pa á, títí ó fi ku àwọn díẹ̀ tí kò tó 100 ní erékùṣù Guadalupe lórílẹ̀-èdè Mẹ́síkò. Mẹ́síkò fi òfin dáàbò bò ó ní 1922, Amẹ́ríkà náà tẹ̀ lé e. Lónìí wọ́n ti ju 200,000 lọ, ìdí ìyókù díẹ̀ yẹn sì ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀ wá.

Àbùùbùtán ńkọ́? Ẹ fetí sí orúkọ náà dáadáa: à-bù-ì-bù-tán. Ẹran tí à ń bù, tí à ń bù, tí kò tán. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yìí ti rí i rí. Èyí tó ń gba California kọjá gùn tó 40 sí 45 ẹsẹ̀ bàtà, ó gùn ju bọ́ọ̀sì ilé ìwé lọ, ó sì wúwo tó ọgbọ̀n tọ́ọ̀nù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń jẹun nínú òkun olótùútù tó wà lẹ́bàá Alaska. Bí yìnyín bá ti ń dì níbẹ̀, a gbéra, a forí lé gúúsù, lọ sí àwọn ọ̀sà tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ ní Baja California ní Mẹ́síkò láti bímọ. Àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ lè tó 10,000 sí 14,000 máìlì, kò sì fi bẹ́ẹ̀ jẹun lójú ọ̀nà.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀kan tó ń dùn mí. Ní 2016, àwọn tó ń kà wọ́n fún ìjọba Amẹ́ríkà ní wọ́n tó 27,000. Nígbà tí wọ́n tún kà wọ́n láàárín 2024 sí 2025, wọ́n jẹ́ nǹkan bí 13,000. Yìnyín òkun àríwá ń yí padà, oúnjẹ tí wọ́n ń kó nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi kò sì rí bó ṣe ń rí tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá dúró ní wákàtí kan tí ẹ rí mẹ́ta péré, ẹ má rò pé ojú yín ni kò ríran. Wọ́n ti dín kù lóòótọ́ ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mú ọjọ́

Nínú gbogbo ètò yìí, ọjọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Akọ séálì ló ń kọ́kọ́ dé, ní ìparí oṣù Kọkànlá, wọ́n a sì máa jà du ààyè lórí yanrìn. Àárín oṣù Kejìlá ni àwọn abo tó lóyún ń bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, wọn kì í sì í pẹ́ kí wọ́n tó bímọ. Ìparí oṣù Kìíní ni etíkun máa ń kún jù: akọ, abo, ọmọ titun, gbogbo rẹ̀ á gbá jọ bí èrò ọjà. Ní àárín oṣù Kejì wọ́n a gun ara wọn, àwọn ìyá a sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà sínú òkun. Bó bá fi máa di oṣù Kẹta, àwọn ọmọ tí wọ́n ti já lẹ́nu ọmú nìkan ló kù níbẹ̀, wọ́n ń sùn, wọ́n ń kọ́ lílúwẹ̀ẹ́ nínú omi tí kò jìn.

Ti àbùùbùtán, àárín oṣù Kìíní ni èyí tó ń lọ sí gúúsù ń pọ̀ jù ní iwájú California. Láti ìparí oṣù Kejì ni àwọn tó ń padà sí àríwá ti ń kọjá, àwọn ìyá ọlọ́mọ ló sì ń kẹ́yìn, ní oṣù Kẹrin àti Karùn-ún.

Bí ẹ bá fi méjèèjì wéra, ẹ ó rí i pé ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn nínú oṣù Kìíní ló dáa jù. Òun ni mo máa ń mú. Bó bá jẹ́ ọmọ kéékèèké lẹ ń kó lọ, mo lè ní kí ẹ mú oṣù Kẹta dípò rẹ̀, nítorí ìjà kò sí mọ́, òtútù ti dẹwọ́ díẹ̀, ọmọ séálì tó sanra tó sì ń ṣeré sì ń pa ọmọ ènìyàn lẹ́rìn-ín.

Bí ọjọ́ bá ku mẹ́ta, ẹ wo bí afẹ́fẹ́ yóò ṣe rí. Òjò kò bá nǹkan jẹ́ tó afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ tó bá le yóò sọ gbogbo ojú òkun di ìfófòó funfun, ẹ kò sì ní mọ èyí tó jẹ́ èémí àbùùbùtán yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ìgbì.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ gba àyè sílẹ̀

Ibi tí mo ń rán yín lọ ni ọgbà ìjọba tí wọ́n ń pè ní Año Nuevo, nǹkan bí 55 máìlì sí gúúsù San Francisco, ní ojú ọ̀nà Highway 1. Vizcaíno, atukọ̀ ará Sípéènì, ló kọjá níbẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù Kìíní 1603, ó sì fún un lórúkọ tó túmọ̀ sí Ọdún Titun. Ní 1955 ni séálì erin kọ́kọ́ padà sí erékùṣù tó wà níwájú rẹ̀, ní 1961 ni wọ́n bí ọmọ àkọ́kọ́ síbẹ̀, nígbà tó sì di 1975 wọ́n ti ń bímọ sórí ilẹ̀ gan-an.

Láti ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá sí ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, kò sí ẹni tó lè dá lọ sọ́dọ̀ séálì ní Año Nuevo. Ẹgbẹ́ kéékèèké ni wọ́n ń kó lọ, afinimọ̀nà kan a sì wà níwájú. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ oṣù Kejìlá, títì ni wọ́n ń ti ibẹ̀ pa. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ó ti gba àyè, ní ReserveCalifornia, ó sì máa ń ṣí sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣáájú ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ. Sátidé àti Sọ́ńdè oṣù Kìíní máa ń tán kíákíá. Ẹni tó bá lè gba àyè ìsinmi níbi iṣẹ́, kó mú Túsídè tàbí Wẹ́sídè, èrò kì í pọ̀.

Ẹ mú ìrìn aago mọ́kànlá tàbí èyí tó bá sún mọ́ ọn. Ìdí rẹ̀ ni pé òwúrọ̀ ni a ó fi wo àbùùbùtán. Owó ìrìn lọ́tọ̀, owó ọkọ̀ lọ́tọ̀. Bí ẹ bá pẹ́ dé, wọn kì í dúró deni.

Ìrìn náà tó máìlì mẹ́ta, ó sì ń gba wákàtí méjì àti ààbọ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ lórí yanrìn tó ń rì mọ́lẹ̀. Bí màmá tàbí bàbá tí orúnkún ń dùn bá wà pẹ̀lú yín, ẹ béèrè nípa ìrìn orí pákó tí wọ́n ṣètò fún àwọn tí kò lè rìn dáadáa àti àwọn tó wà lórí kẹ̀kẹ́. Ó wà ní ìparí ọ̀sẹ̀, kò sì pọ̀, nítorí náà ẹ tètè béèrè.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ohun tí ẹ ó wọ̀ àti ohun tí ẹ ó dì

Oòrùn California a máa tan ènìyàn. Ẹ lè kúrò nílé kí ara ń gbóná, bí ẹ bá dé etíkun, afẹ́fẹ́ òkun á wọ inú eegun yín. Ẹ̀wù mẹ́ta lórí ara wọn sàn ju kóòtù ńlá kan lọ: ẹ̀wù tó lẹ̀ mọ́ra, súwẹ́tà, àti jákẹ́ẹ̀tì tí omi kì í wọ̀. Fìlà tó bo etí, ìbọ̀wọ́, ìbọ̀sẹ̀ méjì. Bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀. Ẹ fi agbòjò sílé, wọn kì í gbà á láàyè lórí ìrìn náà nítorí ó ń dẹ́rù ba séálì. Òjò kì í dá ìrìn dúró, jákẹ́ẹ̀tì yín ni yóò gbà yín.

Bainọ́kúlà, awò olójú méjì tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn, ni ohun kan ṣoṣo tí mo lè ní kí ẹ náwó sí. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ 7x35 tàbí 8x42 sí lára. Ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà ta èyí tó ń fa nǹkan súnmọ́ ìlọ́po ogún fún yín, ọwọ́ ènìyàn a máa gbọ̀n, ojú á sì máa yí. Ẹ fi kọ́ra nílé: ẹ wo ẹyẹ lórí igi pẹ̀lú ojú lásán, kí ẹ má ṣe gbé ojú kúrò lára rẹ̀, kí ẹ wá gbé awò náà sójú. Ọmọ mi fi ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta kọ́ èyí lójú fèrèsé, òun ló sì ń kọ́kọ́ rí àbùùbùtán nínú gbogbo wa báyìí.

Oúnjẹ wà lọ́wọ́ yín. Èmi máa ń gbé jọ́lọ́ọ̀fù sínú kúlà tó ń pa ooru mọ́, pẹ̀lú tíì alátalẹ̀ nínú fíláàsì. Inú ọkọ̀ ni yóò wà o, kò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ séálì. Ẹ rọ epo kún táńkì ní Half Moon Bay, nítorí ilé epo kò wọ́pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn mọ́ títí ẹ ó fi sún mọ́ Santa Cruz. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà a máa lọ, ẹ ti gba máàpù sórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì tẹ tíkẹ́ẹ̀tì yín sórí ìwé. Bí ẹ bá ní ajá, ẹ wá ẹni tí yóò bá yín tọ́jú rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ wọ ọgbà náà rárá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: òwúrọ̀ ni ti àbùùbùtán

Ẹ gbìyànjú kí ẹ dé Pigeon Point ní aago mẹ́jọ sí mẹ́jọ ààbọ̀. Ibẹ̀ kò ju máìlì méje lọ sí Año Nuevo, àríwá rẹ̀ ló wà, ẹni tó ń ti San Francisco bọ̀ yóò kọ́kọ́ kàn án. Ẹ kò lè ṣì í: ilé iná funfun tó ń tọ́ ọkọ̀ òkun sọ́nà, tó ga tó 115 ẹsẹ̀ bàtà, ló dúró lórí àpáta níbẹ̀. Láti 1872 ni iná rẹ̀ ti ń tàn.

Ìdí tí mo fi yan òwúrọ̀ ni pé ìwọ̀ oòrùn ni òkun yẹn wà. Ní òwúrọ̀, oòrùn wà lẹ́yìn yín, ó ń tàn sórí omi fún yín. Bó bá di ọ̀sán, iwájú yín ló máa wà, omi á máa kọ mànà lójú yín, ẹ kò ní rí nǹkan. Afẹ́fẹ́ náà kì í tíì jí dáadáa lówùúrọ̀.

Ẹ wá ibi tó ga, tí nǹkan kan kò dí ojú yín, kí ẹ jókòó. Ẹ má fi bainọ́kúlà wá àbùùbùtán. Ojú lásán ni ẹ ó fi wá a. Ẹ jẹ́ kí ojú yín máa rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti ọ̀tún sí òsì, láàárín ibi tí ìgbì ti ń fọ́ àti ibi tí òkun ti pàdé ojú ọ̀run. Ohun tí ẹ ń wá ni èéfín. Bí àbùùbùtán bá gòkè mí, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ a tú jáde pẹ̀lú omi, a ga tó 10 sí 15 ẹsẹ̀ bàtà, a dúró díẹ̀, a sì tú ká. Bí kò bá sí afẹ́fẹ́, tó sì kọjú sí yín, ẹ ó rí i pé orí èéfín náà pín sí méjì, nítorí ihò imú méjì ló ní.

Bí ẹ bá ti rí ọ̀kan, ẹ má sáré, ẹ má gbé ojú kúrò. Yóò tún mí. Ó sábà máa ń mí ní ìgbà mẹ́ta sí márùn-ún, ìṣẹ́jú-àáyá 15 sí 30 láàárín èémí kan àti èkejì. Nígbà yìí ni kí ẹ gbé awò sójú. Ẹ ó rí ẹ̀yìn rẹ̀, dúdú-eérú tó ní àbàwọ́n funfun níbi tí àwọn ẹ̀dá kéékèèké oníkarawun ti lẹ̀ mọ́ ọn. Kò ní lẹbẹ lẹ́yìn bí ẹja yanyan, kókó kéékèèké ló tò títí dé ìrù. Lẹ́yìn èémí tó kẹ́yìn, ẹ̀yìn náà á tẹ̀ kọdọrọ, ìrù rẹ̀ á sì gbé sókè kúrò nínú omi, omi á máa ṣàn wálẹ̀ létí rẹ̀ bí aṣọ títa, yóò wá rì láìdún. Ibi tó rì sí á dán, á tẹ́jú bí ẹni pé wọ́n da òróró sí i. Àwọn awòran ń pe èyí ní ojú ẹsẹ̀ àbùùbùtán.

Ó ti lọ sísàlẹ̀ nìyẹn, fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́fà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù rẹ̀ nìyí: wọ́n á tẹjú mọ́ ibi tó rì sí. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Ní oṣù Kìíní, gúúsù ló ń lọ, ẹni tó bá sì kọjú sí òkun níbẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ ni gúúsù wà. Ó ń rìn tó máìlì mẹ́ta sí márùn-ún ní wákàtí kan, nítorí náà ní ìṣẹ́jú mẹ́rin ó lè ti sún sí òsì tó ìdá mẹ́ta máìlì kan. Òsì ni kí ẹ wò. Bó bá jẹ́ oṣù Kẹta lẹ lọ, ọ̀tún ni.

Ẹni tó bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà ló ń rí ìfun inú rẹ̀. Ẹ fún un ní wákàtí kan àti ààbọ̀, ó kéré tán. Mo ti rí i tí àwọn ènìyàn dé, wọ́n wo òkun fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n ya fọ́tò ilé iná, wọ́n lọ, èéfín àkọ́kọ́ sì gòkè kí ọkọ̀ wọn tó bọ́ sójú títì. Bí ẹ ti ń dúró, ẹ wo orí àwọn àpáta tó wà nísàlẹ̀. Séálì kékeré alámì-tótòtó a máa dùbúlẹ̀ síbẹ̀, tí yóò gbé orí àti ìrù sókè bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ̀yà mìíràn nìyẹn, kì í ṣe séálì erin. Èyí tí ẹ bá sì rí tó ní etí kékeré lóde, tó ń gbó bí ajá, tó sì lè fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn, kìnnìún òkun ni.

Ẹ má sọ̀ kalẹ̀ lọ sórí àpáta tí omi ti rin. Òkun yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ òkun tí à ń ṣeré létí rẹ̀. Ìgbì kan lè máa wá jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ọ̀kan tó ga ìlọ́po méjì wá gbá ènìyàn lọ, omi náà sì tutù débi pé apá á kú kí olùrànlọ́wọ́ tó dé. Ẹ di ọwọ́ ọmọ mú, ẹ má sì kọ ẹ̀yìn sí omi, pàápàá nítorí fọ́tò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ọ̀dọ̀ séálì

Ẹ ó gbọ́ wọn kí ẹ tó rí wọn. Lọ́dún kan, àǹtí mi wá kí wa láti Ìbàdàn, a mú wọn lọ. Bí a ṣe ń gun òkìtì yanrìn tó kẹ́yìn, wọ́n dúró, wọ́n ní, "Ta ló ń tan jẹnẹrétọ̀ níbí?" Bó ṣe ń dún gan-an nìyẹn: gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀, láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun, ilẹ̀ a sì máa mì díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Akọ ló ń ké. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ohun tí mo ti kọ́ nípa wọn ni pé ohùn akọ kọ̀ọ̀kan ní ìlù tirẹ̀, bó ṣe ń yára àti bó ṣe ń fà kì í yí padà, àwọn akọ yòókù sì mọ ìlù náà mọ ẹni tó ni ín. Àwọn onímọ̀ ti dán èyí wò ní Año Nuevo, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2017. Akọ tó bá ti nà ẹ́ rí, bó bá ti ké, wàá sá láìrí i. Àwa tí onílù lè fi dùndún pè lórúkọ láàárín èrò kò gbọdọ̀ ṣòro fún láti lóye èyí.

Bí ẹ bá dé iwájú wọn, ẹ má wo gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ mú ìyá kan àti ọmọ rẹ̀, kí ẹ dúró ti wọn. Ọmọ titun dúdú ni, awọ rẹ̀ ṣì tóbi jù ú lọ, ó ń wúwo tó 75 pọ́n-ùn ní ọjọ́ tí wọ́n bí i. Wàrà ìyá rẹ̀ ju ìdajì lọ lọ́rà. Ní nǹkan bí ọjọ́ 28, ọmọ náà á ti tó 250 sí 350 pọ́n-ùn, ìyá kò sì ní fi ohunkóhun kan ẹnu ní gbogbo àkókò náà. Ọ̀rá ara rẹ̀ ló ń yọ́ di wàrà. Ìyá tó fọ́mọ lọ́mú rí yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Lọ́jọ́ kan, yóò kàn yíjú sí òkun, yóò lọ, kò sì ní padà wá wo ọmọ náà mọ́. Ọmọ á wà níbẹ̀ láìjẹun fún oṣù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí ebi yóò fi lé e wọnú omi, kò sì sí ẹni tó kọ́ ọ ní ọdẹ.

Ẹ máa ṣọ́ àwọn ẹyẹ òkun funfun. Bí wọ́n bá ṣù bo ojú kan lójijì, tí wọ́n ń ké, ó ṣeé ṣe kí ìyá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ níbẹ̀, olóbì ọmọ ni wọ́n wá jẹ. A rí i lẹ́ẹ̀kan. Ìyá náà ń fi lẹbẹ da yanrìn sẹ́yìn ara rẹ̀, ó yí padà, ọmọ wà lórí ilẹ̀, omi ara rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ó na imú sí i, ó ké, ọmọ náà dáhùn pẹ̀lú ohùn tín-ín-rín. Wọ́n tún ké, wọ́n tún dáhùn. Ohùn ara wọn ni wọ́n ń kọ́ nígbà yẹn, nítorí láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún abo, ohùn àti òórùn ni wọn yóò fi mọ ara wọn.

Ẹ ó rí ohun tí yóò dùn yín pẹ̀lú. Ọmọ tó ṣìnà lè lọ bá ìyá ọmọ mìíràn, kí ìyẹn gé e jẹ. Akọ tó ń sáré lọ jà lè gba orí ọmọ kọjá. Afinimọ̀nà kò ní dá sí i, kò sì sí ẹni tí òfin gbà láyè láti dá sí i. Láti 1972 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka yíyọ àwọn ẹranko inú òkun lẹ́nu léèwọ̀. Ní Año Nuevo, ẹsẹ̀ bàtà 25 ni àlàfo tó kéré jù láàárín ènìyàn àti séálì. Ẹ má dúró láàárín akọ méjì, tàbí láàárín ìyá àti ọmọ. Bó ṣe sanra tó yẹn, ó lè sáré lórí yanrìn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, drónù kò gbọ́dọ̀ fò níbẹ̀. Òórùn wọn le díẹ̀, ẹ sọ fún àwọn ọmọ kí ẹ tó dé.

Bí àyè bá ti tán

Ẹ má jókòó sílé. Ẹ wakọ̀ lọ sí Piedras Blancas, lórí Highway 1 kan náà, nǹkan bí máìlì méje sí àríwá San Simeon. Ní 1990 ni séálì erin dé ibẹ̀ fúnra wọn, ní 1992 wọ́n bí ọmọ àkọ́kọ́. Ọ̀fẹ́ ni, ojoojúmọ́ ló ṣí, kò sí àyè tí à ń gbà sílẹ̀. Orí pákó tí wọ́n tẹ́ sí ẹ̀bá bèbè ni ẹ ó dúró sí, séálì á wà nísàlẹ̀ yín gẹ́lẹ́. Àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni tó wọ jákẹ́ẹ̀tì búlúù ni kí ẹ bi ní ìbéèrè, wọ́n fẹ́ràn kí ènìyàn bi wọ́n. Fún àgbàlagbà, èmi gan-an yan ibẹ̀ ju Año Nuevo lọ. Ibi tó jìn ni àléébù rẹ̀: ó tó wákàtí mẹ́rin láti San Francisco. Ẹ wo ìròyìn ojú ọ̀nà kí ẹ tó gbéra, nítorí òkè máa ń ya lu títì láàárín Carmel àti San Simeon lásìkò òjò, ó sì lè jẹ́ inú ilẹ̀, ní ojú ọ̀nà 101, ni ẹ ó gbà.

Ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé ènìyàn lọ wo àbùùbùtán wà ní Half Moon Bay àti Monterey. Ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀. Òkun oṣù Kìíní a máa fi ọkọ̀ ṣeré, ẹni tó bá sì ń bì kì í wo nǹkan kan. Bí ẹ bá fẹ́ lọ dandan, ẹ béèrè oògùn lọ́wọ́ apòògùn, kí ẹ sì lò ó kí ẹ tó wọ ọkọ̀, torí bí ara bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó ti pẹ́. Àárín ọkọ̀ sí ìdí rẹ̀ ni kí ẹ dúró, kí ojú yín sì wà ní ibi tí òkun ti pàdé ojú ọ̀run. Ọkọ̀ tó bá mọṣẹ́ rẹ̀ yóò fi 100 yáàdì sílẹ̀ láàárín ara rẹ̀ àti àbùùbùtán.

Bí ẹ bá bá ọmọ séálì kan ṣoṣo pàdé

Èyí máa ń ṣẹlẹ̀, pàápàá láti oṣù Kejì lọ, ní etíkun mìíràn tí kò sí afinimọ̀nà. Ọmọ séálì á dá dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ á rí rondo, omi á máa bọ́ lójú rẹ̀, àánú á sì ṣe yín. Kì í ṣe ẹkún, bí ojú rẹ̀ ṣe ń rí nìyẹn lórí ilẹ̀. Ẹ má gbé e, ẹ má da omi sí i, ẹ má fi aṣọ bò ó, ẹ má sì lé e padà sínú òkun. Ó lè jẹ́ pé ìsinmi ló ń ṣe, tàbí, bó bá jẹ́ ẹ̀yà kékeré alámì-tótòtó nì, kí ìyá rẹ̀ wà nínú omi níwájú, tó ń dúró kí ẹ kúrò.

Ẹ rìn sẹ́yìn tó 50 yáàdì. Ẹ pe Marine Mammal Center ní Sausalito, ilé ìwòsàn àwọn ẹranko òkun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975. Wọn yóò bi yín ní ibi tí ẹ wà gan-an, bó ṣe tóbi tó, bóyá etí rẹ̀ hàn síta, bóyá egbò wà lára rẹ̀, bóyá wọ́n ti fi àmì kan sí i ní lẹbẹ ẹ̀yìn. Bainọ́kúlà yín ni kí ẹ fi wo gbogbo èyí láti òkèèrè. Fọ́tò kan láti ọ̀nà jíjìn yóò ràn wọ́n lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ní àwọn ń bọ̀, ẹ dúró níbi tí ẹ wà, kí ẹ máa dá àwọn tó ń fa ajá kọjá dúró títí wọn yóò fi dé.